Kí Ìgò Tó Kúrò Lẹ́nu Ọmọ Màlúù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọmọ màlúù tí kò rí ọmú ìyá mu la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ kú níbi tó ti ń bímọ, ó lè jẹ́ pé ìyá kọ̀ ọ́, wàrà ìyá lè má ká ìbejì, tàbí kó jẹ́ màlúù tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀ tà, tí wọ́n sì ti ya tìyá-tọmọ láti ọjọ́ kìíní. Ohun yòówù kó fà á, ìgò ló kù tí ọmọ náà yóò fi jẹun.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé iṣẹ́ méjì ló wà ńbẹ̀: kí a fún ọmọ ní wàrà fún bí oṣù méjì, lẹ́yìn náà kí a wá já a lẹ́nu ọmú. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí a bí i, tí a bu ẹ̀kúnwọ́ fíìdì kan síwájú rẹ̀, ni jíjá a lẹ́nu ọmú ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ìgò kúrò ńlẹ̀ kàn jẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ náà parí ni. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ 7 fún ọmọ ní wàrà nìkan, tó wá fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan sọ ọ́ di ẹran tó ń jẹ ọkà, ebi ni yóò fi pa á, bí fíìdì tilẹ̀ kún agbada síwájú rẹ̀.

Inú ikùn ni ìdí rẹ̀ wà. Àpò mẹ́rin ló wà nínú ikùn màlúù. Lára àgbà màlúù, ṣàkì ló tóbi jù. Ó tó 80% gbogbo ikùn náà. Ibẹ̀ ni koríko ti ń rọ̀, tí bakitéríà ti ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ti ọmọ tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Àpò kẹrin, tí a ó máa pè ní ikùn wàrà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ló gba nǹkan bíi 60%. Ṣàkì rẹ̀ kéré, inú rẹ̀ sì ń dán. Àwọn ìrun-ìrun tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ṣàkì kò tíì hù dáadáa. Àwọn ìrun-ìrun wọ̀nyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwọn ni màlúù fi ń fa agbára inú oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí tirẹ̀ kò bá tíì hù lè jẹ koríko títí dalẹ́, ikùn rẹ̀ a kún, ara rẹ̀ a sì máa rù.

Báwo wá ni wàrà ṣe ń dé ikùn wàrà láìdà sínú ṣàkì? Ojú ọ̀nà kan wà lára ògiri ṣàkì tó máa ń ká pọ̀ bíi gọ́tà nígbà tí ọmọ bá ń fa ọmú, wàrà a sì gba inú rẹ̀ kọjá tààrà. Fífa ọmú fúnra rẹ̀, adùn wàrà, ìgbóná tó mọ́ ọmọ lára, àti ọrùn tó nà síwájú ló ń mú ojú ọ̀nà náà ká. Kódà, bí ọmọ bá ti rí ẹni tó máa ń gbé ìgò wá ní àkókò rẹ̀, ó ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí àkókò, ìgbóná àti bí a ṣe ń po wàrà má máa yí padà. Bí wàrà bá ń dà sínú ṣàkì lójoojúmọ́, yóò kan níbẹ̀. Ọmọ a wú níkùn ní apá òsì, ìgbẹ́ rẹ̀ a funfun, a sì máa lẹ̀ mọ́ra bí ẹni fọwọ́ tẹ amọ̀. Irun rẹ̀ a máa já, kò sì ní í dàgbà.

Bí wàrà màlúù bá dé ikùn wàrà, èròjà kan tó ń jẹ́ rennin, èyí tí wọ́n fi ń ṣe wàràkàṣì, ló máa ń mú un dì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Omi rẹ̀ a kọjá lọ, èyí tó dì á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ohun tó ń gbé ọmọ dúró láti ìgò àárọ̀ dé ti ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọnù.

Ibi ọmọ màlúù kì í jẹ́ kí èròjà agbógunti-àrùn kọjá láti ara ìyá sí ara ọmọ nínú oyún. Ọmọ náà wáyé láìní ààbò kankan. Inú wàrà àkọ́kọ́ tó ń jáde lẹ́yìn ìbímọ, èyí tó ki tó sì pọ́n, ni ààbò rẹ̀ wà, ìfun ọmọ sì lè fa èròjà yẹn wọ inú ẹ̀jẹ̀ fún àkókò díẹ̀ péré. Wákàtí 6 àkọ́kọ́ ló dára jù. Tó bá fi máa di wákàtí 12, agbára ìfun láti gbà á ti lọ sílẹ̀ gan-an. Tó bá fi máa pé wákàtí 24, ojú ìfun ti dí. Ìwọ̀n tó yẹ ni 10% ìwúwo ara ọmọ: ọmọ tó wọn kílò 40 yóò mu lítà 4, ó yẹ kó mu ún láàárín wákàtí 2 tí a bí i, kó má sì kọjá wákàtí 4. Lẹ́yìn wákàtí 8 sí 12, ẹ fún un ní lítà 2 sí i. Bí ó bá ṣẹ́ kù fún ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, ẹ má dà á nù. Kò ní í wọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, àmọ́ yóò máa gbógun ti kòkòrò àrùn nínú ìfun.

Wàrà àkọ́kọ́ kò dọ́gba. Àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe ki lè tan ènìyàn jẹ. Irinṣẹ́ kékeré tó ń jẹ́ refractometer ló ń sọ òótọ́: ẹ kán wàrà kan sí i, bó bá kà tó 22% lórí ìwọ̀n Brix, ìyẹn ìlà ìwọ̀n tó wà nínú rẹ̀, ó dára. Tó bá kéré sí i, ẹ wá òmíràn, tàbí kí ẹ lo èyí tí wọ́n gbẹ sínú àpò. Tí ẹ bá ń ra ti inú àpò, ẹ wo iye IgG tó wà nínú rẹ̀. IgG ni orúkọ èròjà agbógunti-àrùn tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó kéré tán, kí ọmọ rí 150 gíráàmù gbà. 200 sókè ló tẹ́ wa lọ́rùn. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe láti fi kún wàrà ìyá lásán, wọn kò lè rọ́pò rẹ̀, orúkọ wọn sì jọra lára àpò.

Bí màlúù bá ti bímọ, ẹ tètè fún wàrà rẹ̀, nítorí pé bí wákàtí ṣe ń lọ ni èròjà inú rẹ̀ ń ṣàn mọ́ wàrà tuntun tó ń wọlé. Ohun èlò gbọ́dọ̀ mọ́. Bí ìdọ̀tí bá wọ inú rẹ̀, kòkòrò a ṣáájú èròjà dé ìfun, a sì dí i lọ́nà. Èyí tí a kò ní í lò láàárín wákàtí kan, fìríìjì ló yẹ ẹ́, kó má sì ju ọjọ́ méjì lọ níbẹ̀. Nínú fìrísà tó tutù dé -20°C, ó lè pé ọdún kan. Inú ọ̀rá tó gba lítà kan tàbí méjì ni kí ẹ dì í sí, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kó lè tètè yọ́. Omi tí kò gbóná ju 50°C lọ ni kí ẹ fi yọ́ ọ. Omi híhó máa ń se èròjà náà pa: wàrà a ṣì dà bíi wàrà lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọmọ kò bá lágbára láti fa ọmú, rọ́bà ọ̀fun ló kù, ìyẹn rọ́bà gígùn tí a ń tì gba ọ̀fun láti fi da wàrà sí i nínú. Ẹ jẹ́ kó dúró tàbí kó lúgọ lórí àyà rẹ̀. Ẹ má dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fi rọ́bà náà wọn ara rẹ̀ láti imú dé ẹ̀yìn èjìká, kí ẹ sàmì síbi tó parí sí. Ẹ fi wàrà tàbí omi rin ẹnu rọ́bà, kí ẹ tì í gba orí ahọ́n díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ máa gbé e mì. Kí ẹ tó da ohunkóhun sí i, ẹ fọwọ́ tẹ ọrùn. Ohun méjì ló yẹ kí ọwọ́ yín bà: kòmóòkun, ìyẹn ọ̀nà èémí, tó le tó sì ní kókó-kókó, àti rọ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ọwọ́ bà, inú kòmóòkun ni rọ́bà wà. Ẹ fà á jáde kíákíá kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Wàrà tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró kò ní àtúnṣe tó rọrùn. Nígbà tí wàrà bá tán, ẹ ṣẹ́ rọ́bà pọ̀ kí ẹ tó yọ ọ́, kí èyí tó kù nínú rẹ̀ má bàa kán sí ọ̀nà èémí. Inú ṣàkì ni wàrà tó gba ọ̀nà yìí ń bọ́ sí. Lọ́jọ́ kìíní, èyí kò ṣe nǹkan, torí lítà 3 tàbí 4 yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀ lọ sí ikùn wàrà. Ẹ má sọ ọ́ di ohun ojoojúmọ́ o.

Ẹ ti ìdodo ọmọ bọ áyódínì tó jẹ́ 7% ní wákàtí àkọ́kọ́, kí ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá wàrà àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ó pe dókítà ẹranko láti fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ keje. Oko tí ọmọ pọ̀ sí kò yẹ kó fojú di àyẹ̀wò yẹn, nítorí òun ló ń sọ bóyá ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ń ṣe é bó ṣe yẹ.

Láti ọjọ́ kẹrin, wàrà wo ni kí a fún un? Wàrà màlúù dáa, bí kò bá ti ara màlúù tó ń gba oògùn tàbí tí ọmú rẹ̀ wú jáde. Àwọn kan máa ń fi wàrà bẹ́ẹ̀ bọ́ ọmọ torí pé kò ṣeé tà. Ajẹkù oògùn inú rẹ̀ ń kọ́ bakitéríà inú ọmọ láti má gbọ́ oògùn mọ́, àrùn tó wà nínú rẹ̀ sì ń wọ ara ọmọ. Èyí tí ẹ rò pé ẹ jèrè níbẹ̀, ọwọ́ dókítà ni yóò parí sí.

Ìyẹ̀fun wàrà tí wọ́n ṣe fún ọmọ màlúù ni èkejì. Purotéènì rẹ̀ máa ń wà láàárín 20 sí 28%, ọ̀rá rẹ̀ láàárín 15 sí 20%. Ẹ ka ẹ̀yìn àpò kí ẹ tó sanwó. Purotéènì tó ti inú wàrà wá ló bá ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mu. Ti ẹ̀wà sóyà tàbí ti wíìtì máa ń le fún ìfun rẹ̀ láti dà, ìgbẹ́ gbuuru ló sì sábà máa ń yọrí sí. Wàrà ìyẹ̀fun tí ènìyàn ń mu, tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, kò lè tọ́ ọmọ màlúù.

Àtipo rẹ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jàǹbá, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ká ní àpò sọ pé 150 gíráàmù fún lítà kan. Bí ẹ bá da 150 gíráàmù sínú lítà omi kan, ohun tí ẹ ní ti ju lítà kan lọ, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sì jẹ́ 13%. Bí ẹ bá kọ́kọ́ da ìyẹ̀fun, tí ẹ wá fi omi kún un títí ó fi di lítà kan, 15% ni. Ọmọ kan náà ni, ìgò kan náà, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì tó ohun tó lè fà á sẹ́yìn. Ẹ mọ èyí tí àpò ń sọ, kí gbogbo ẹni tó ń bọ́ ọmọ sì máa ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ máa fi wọn ìyẹ̀fun. Ife máa ń parọ́, torí ìyẹ̀fun tí a gbọ̀n wúwo ju èyí tí a kàn bù lọ.

Ẹ da bí ìdajì omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ìgbóná tí àpò sọ. Láàárín 45 sí 50°C ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ da ìyẹ̀fun lé e, ẹ lù ú títí kókó rẹ̀ yóò fi tán, kí ẹ tó wá fi omi tó kù mú un dé ìwọ̀n àti ìgbóná tó yẹ. Bí omi bá tutù jù, ọ̀rá kò ní í pò mọ́ ọn. Bó bá gbóná jù, ọ̀rá a yọ́ léfòó, purotéènì a sì bàjẹ́. Lẹ́nu ọmọ, 38 sí 40°C ni ká rí. Ẹ fi ìwọ̀n ìgbóná wò ó, ọwọ́ ènìyàn kò mọ ìyàtọ̀ 35 sí 40.

Ẹni tó bá là á ju bó ṣe yẹ lọ kí ìyẹ̀fun má bàa tètè tán, omi ló fi ń bọ́ ọmọ. Ẹni tó bá mú un ki jù, ewu tirẹ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ: iyọ̀ inú rẹ̀ lè pọ̀ ju ohun tí ara ọmọ lè kó lọ, pàápàá bí kò bá rí omi mu, ikùn wàrà sì lè wú fún afẹ́fẹ́. Ìwú yìí máa ń pa ọmọ láàárín wákàtí díẹ̀. Àkókò oúnjẹ tí kò dúró sójú kan náà ń fà á: bí a bá pẹ́ dé, tí ebi ti pa ọmọ, tí ó wá gbé lítà 4 mì lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti iye, àṣà àtijọ́ ni 10% ìwúwo ara, lítà 4 lójúmọ́ fún ọmọ kílò 40. Wọ́n ní ebi yóò tètè mú un jẹ fíìdì. Lóòótọ́ yóò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, ikùn tí yóò lo fíìdì náà kò tíì sí, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ara rẹ̀ ló ń san gbèsè ebi yẹn. Lítà 6 sí 8 ni a fọwọ́ sí. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, lítà 2 lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ dára. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, lítà 3, lẹ́yìn náà 4, lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ tó bá sì ṣeé ṣe kí ẹ máa fún lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má dá a dúró. Bí ojú ọjọ́ bá tutù ju 15°C lọ, ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti ń fi oúnjẹ rẹ̀ mú ara gbóná. Oúnjẹ kan ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe ìyẹ̀fun nínú ìgò kan náà.

Bí a ṣe ń di ìgò mú ṣe pàtàkì. Kí ọmọ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ìgò wà níbi tí ọmú ìyá ì bá wà, kí ọrùn nà síwájú kó sì gbé sókè díẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìgò ga tí orí fi yí sẹ́yìn, wàrà lè gba kòmóòkun. Ẹ yí ìgò dorí kodò: ó yẹ kí wàrà máa kán lẹ́nu ọmú rọ́bà ni, kó má ṣe ṣàn. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ la ojú rẹ̀ sí i kí iṣẹ́ lè yá, òtútù àyà ló ń pè. Lítà 2 tó tán láàárín ìṣẹ́jú kan ti yá jù. Ìṣẹ́jú 4 sí 6 ló dára. Ẹ má tẹ ìgò. Bí ọmọ bá wúkọ́ tàbí tí wàrà jáde nímú rẹ̀, ẹ dúró kí ó mí.

Ọmọ tí kò mọ ìgò, ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti igun ògiri, kí ẹ fi ẹsẹ̀ gbà á láàárín, kí ẹ ti ìka tó mọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa á, kí ẹ wá fi ọmú rọ́bà rọ́pò rẹ̀. Wàrà tó tutù ló sábà máa ń mú un kọ̀. Bí ìgò bá sì tán, ìfẹ́ àtifa nǹkan ṣì wà lára rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ fi ọmú rọ́bà sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì ti fíìdì díẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, etí àti ìdodo ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò máa fà.

Fífọ ìgò: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń ṣáájú. Omi gbígbóná tó bá kọ́kọ́ kan wàrà á sè é mọ́ ara ìgò. Lẹ́yìn náà ni omi gbígbóná tó lé ní 60°C, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tó dé ìdí ìgò, kí ẹ tún ọmú rọ́bà ṣí kúrò, kí ẹ fọ inú rẹ̀. Ẹ dorí rẹ̀ kodò kó gbẹ. Ìgò tó bá tutù nínú títí di oúnjẹ tó kàn ti di ilé kòkòrò. Bí ẹ bá ń bọ́ wọn, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ tó kéré jù, kí ẹ sì fi èyí tí ara rẹ̀ kò yá ṣe ìkẹyìn.

Ní báyìí, omi. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá ni pé, ṣé wàrà kì í ṣe omi ni? Ẹ rántí ojú ọ̀nà tó ń ká yẹn. Wàrà kò wọ ṣàkì, bẹ́ẹ̀ bakitéríà tó ń gbé inú ṣàkì kò lè ṣiṣẹ́ lórí fíìdì gbígbẹ. Omi tí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ mu láti inú garawa ló ń dé ibẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, kí omi tó mọ́ wà níwájú rẹ̀. Tó bá ti ń jẹun dáadáa, yóò máa mu bíi lítà 4 fún kílò fíìdì kan. Ọmọ tí kò jẹ fíìdì, garawa omi rẹ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Kí garawa omi àti ti fíìdì má sún mọ́ ara wọn. Ọmọ a máa gbé ẹnu tútù lọ sínú fíìdì, fíìdì a sì hu.

Fíìdì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ kan. Purotéènì rẹ̀ kó tó 18 sí 20%, kó ní ọkà tí a fọ́ gbàgì-gbàgì, kó má lọ́yẹ̀fun, torí eruku máa ń lé ọmọ sẹ́yìn. Ẹ má ra èyí tó ní yúríà. Ti àgbà màlúù nìyẹn, ṣàkì ọmọ kò mọ ohun tí yóò fi ṣe. Lójoojúmọ́, ẹ kó èyí tó kù fún ẹran tó dàgbà, kí ẹ bu tuntun. Ẹ má kún un. Ẹ fi díẹ̀díẹ̀ pọ̀ sí i bí ọmọ bá ṣe ń jẹ ẹ́ tán.

Ìdí tí ọkà fi ṣáájú koríko ni pé, nígbà tí bakitéríà bá fọ́ ọkà, ásíìdì méjì, butyrate àti propionate, ló máa ń pọ̀ jáde nínú rẹ̀, àwọn sì ni wọ́n ń mú ìrun-ìrun ṣàkì hù. Koríko gbígbẹ ń fẹ ṣàkì lójú, ó sì ń fún iṣan rẹ̀ lágbára, àmọ́ kì í mú ìrun-ìrun hù bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fún ní koríko púpọ̀ láti kékeré ni ikùn rẹ̀ máa ń rí bẹ̀ǹbẹ̀, tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ. Tó bá ti ń jẹ fíìdì, koríko díẹ̀ tí a gé kéékèèké, tí kò ju bíi 5% oúnjẹ rẹ̀ lọ, kò burú, pàápàá bí fíìdì náà bá kúná jù.

Ìgbẹ́ gbuuru kò ní í ṣàì dé. Ọjọ́ orí ọmọ máa ń tọ́ka sí ohun tó fà á: ní ọjọ́ 5 àkọ́kọ́, bakitéríà E. coli ni a ń fura sí. Láti bí ọjọ́ 5 dé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fáírọ́ọ̀sì rotavirus àti coronavirus, àti kòkòrò cryptosporidium. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kòkòrò coccidia. Cryptosporidium máa ń ran ènìyàn, ẹ fọ ọwọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n gbígbẹ omi ara ló sábà ń pa ọmọ. Ẹ fa awọ ọrùn rẹ̀: bí kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, omi ti gbẹ lára rẹ̀. Bí ojú bá ti jìn, tí inú ẹnu ti tutù nini, tí kò fa ìka mọ́, dókítà gbọ́dọ̀ fi omi sí i lójú iṣan. Ti ẹnu kò tó mọ́.

Èyí tó ṣì ń fa ọmú, ẹ fún un ní omi iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọmọ màlúù, lítà 2 lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín oúnjẹ sí oúnjẹ. Omi ni ẹ ó fi po ó gẹ́gẹ́ bí àpò ṣe sọ. Ẹ má pò ó mọ́ wàrà, torí àwọn kan nínú wọn kì í jẹ́ kí wàrà dì, ẹ sì jẹ́ kó tó wákàtí méjì kí ọ̀kan tó tẹ̀lé èkejì. Ẹ má dá wàrà dúró. Àwọn àgbà máa ń ní kí a fi ebi pa ọmọ kí ìgbẹ́ lè dá. Omi iyọ̀ kò ní agbára tó lè bọ́ ọmọ, ebi yẹn ló sì ń parí rẹ̀. Oògùn apakòkòrò kò kan fáírọ́ọ̀sì. Bí ibà bá kọjá 39.5°C, tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ẹ pe dókítà kó sọ èyí tí yóò lò.

Nígbà wo wá ni kí ìgò kúrò? Ọ̀sẹ̀ 8 ni a gbà ní ìwọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n agbada fíìdì ló ń sọ ọjọ́ náà, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti máa jẹ kílò kan sí kílò kan àbọ̀ fíìdì lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, kó sì ti ní ìlọ́po méjì ìwúwo tí a fi bí i. Ọmọ kílò 40 tó di 80 lọ́jọ́ 56 ti ń fi bíi 700 gíráàmù kún ara rẹ̀ lójúmọ́. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n ńlá, tẹ́ẹ̀pù tí a ń fi yí àyà ẹran ká tó. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti ń jẹ fíìdì tó ṣeé fojú rí, ṣàkì rẹ̀ nílò bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lè dá gbé e. Ẹni tó pẹ́ gbé fíìdì kalẹ̀ gbọ́dọ̀ pẹ́ gba ìgò.

Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ dín in kù, fún bí ọjọ́ 10 sí 14. Fún ọmọ tó ń mu lítà 8, ẹ sọ ọ́ di 6 fún ọjọ́ mẹ́rin, 4 fún ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn náà lítà 2 ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, kó tó kúrò. Iye ni ẹ ń dín kù. Ẹ má là á. Bí ẹ bá ṣe ń dín wàrà ni fíìdì yẹ kó máa lọ sókè. Bí kò bá lọ sókè, ẹ dúró síbi tí ẹ dé, kí ẹ yẹ omi wò, kí ẹ gbóòórùn fíìdì bóyá ó ti hu, kí ẹ fi ìwọ̀n ìgbóná wo ìdí ọmọ. Èyí tó ń wúkọ́ tàbí tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, kò sí ìdí láti yára já a.

Lẹ́yìn tí ìgò bá ti kúrò, kí ohun mìíràn má yí padà fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì: fíìdì kan náà, ilé kan náà. Ẹ ti jó ìwo rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí kí ẹ sún un síwájú. Bákan náà ni kíkó o lọ síbòmíràn. Ẹ má tú u sínú pápá kó lọ máa fi koríko tútù nìkan gbé, torí koríko náà lómi púpọ̀, ṣàkì rẹ̀ kò sì tíì gba èyí tó lè tó o. Àkókò yìí náà ni coccidia máa ń gbérí, ẹ máa wo ìgbẹ́ wọn fún ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó wọn pọ̀, kí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, kí wọ́n má ju mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ, kí àyè sì wà níbi agbada fún gbogbo wọn láti jẹun lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ lè máa ké fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Bó bá ṣì ń ké lọ́jọ́ kẹrin, ẹ wọn fíìdì tó kù nínú agbada rẹ̀ lówùúrọ̀. Bí ohun tó jẹ kò bá tó kílò kan, ẹ gbé lítà 2 padà fún un lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún gbìyànjú.